Owó bàbá wa: ilé-ìwé tuntun ni àbí ti àtijọ́?

Ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Iléṣà nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òkèṣà ni ilé wa. Bàbá wa, tó ń ra kòkó tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, papò dà ní ọdún tó kọjá. Nínú ìwé ìhágún wọn, wọ́n ní kí a yọ apá kan nínú owó àti ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀ fún ohun tí yóò jẹ́ kí ọmọ tálákà kàwé. Ọmọ ìyá méjì ni wá. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà fẹ́ kí a kọ́ ilé-ìwé girama, kí a fi orúkọ bàbá pè é. Àbúrò wa tó wà lókè òkun ní kí a kó owó náà fún ilé-ìwé tó ti wà. Pásítọ̀ wa ní àwọn olówó onígbàgbọ́ ayé àtijọ́ ló dá àwọn ilé-ìwé ńláńlá sílẹ̀, kí a wò wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn wo ni, sà? Kí ni wọ́n ṣe gan-an? Kí ni ẹ̀yin rí sí i?”

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀yin ọmọ Ọwá. Ẹ kú ìnáwó àṣẹ̀yìndè. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi ná, kí n tó máa sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má kọ́ ilé-ìwé tí yóò jẹ́ ti ìdílé. Ẹ yọ owó náà kúrò lára ogún pátápátá, ẹ kó o lé ọwọ́ ìgbìmọ̀ kan tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ bàbá yín yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi gbé ilé-ìwé tó ti wà dìde. Òótọ́ ni pásítọ̀ yín sọ pé owó onígbàgbọ́ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ná owó náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, torí pé kò jọ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ní lọ́kàn.

Èkó ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó wálé. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 1859, CMS Grammar School, ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Èkó, òun sì ni ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ló bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ni ọ̀gá wọn, ọkọ Abigail ọmọ Samuel Àjàyí Crowther, òun náà sì ni bàbá Herbert Macaulay tí gbogbo wa mọ̀ nínú ìṣèlú. Macaulay ní ìmọ̀, ó sì ní ìtara. Owó ìwé àti ohun èlò ni kò ní. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ oníṣòwò ló gbé £50 kalẹ̀, owó yẹn ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀.

James Pinson Labulo Davies ni orúkọ ọ̀rẹ́ náà, Kápùténì Davies ni gbogbo Èkó ń pè é. Wọ́n bí i ní Sàró ní 1828. Ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olókòwò ẹrú tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown. Ilé-ìwé girama CMS tó wà níbẹ̀ ló lọ. Lẹ́yìn náà ló wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ó wà nínú ọkọ̀ wọn nígbà tí wọ́n yìnbọn sí Èkó ní 1851, ó kúrò níbẹ̀, ó di ọ̀gá ọkọ̀ òwò, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1856. Ẹni tó fẹ́ fún ìyàwó ní 1862 ni Sara Forbes Bonetta, ọmọbìnrin Yorùbá tí àwọn ará Dahomey kó lẹ́rú, tí Ọbabìnrin Victoria wá sọ di ọmọ àgbàtọ́. Ẹ rí i pé ọlọ́lá gidi ni à ń sọ. Bó bá fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé náà, ta ni ì bá dá a lẹ́kun?

Mo ti ronú sí £50 yẹn títí. Kò kọ́ ilé. Ìwé àti ohun èlò ló rà, ìyẹn ohun tí olùkọ́ gan-an kò ní. Davies mọ ohun tí ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn torí pé irú rẹ̀ ló gbé òun fúnra rẹ̀ jáde ní Freetown. Nítorí náà, kò béèrè pé kí wọ́n ṣe ilé-ìwé tó bá ojú òun mu. Ohun tí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ nílò ló gbé wá.

Ibi tí ó kàn yín jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí ṣì ń bọ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1870, òwò dojú rú fún un. Gbèsè tó wà láàárín òun àti àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì di ẹjọ́, ní 1876 ilé-ẹjọ́ sì kéde rẹ̀ ní ẹni tí kò lè san gbèsè mọ́. Ẹ fojú inú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilé ẹni tó jẹ gbèsè: wọ́n á ka àga, wọ́n á ka tábìlì, gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n á fi èdìdì sí. Kò sẹ́ni tó lè fi èdìdì sí CMS Grammar School. Owó tó fi síbẹ̀ ti kúrò lápò rẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́, kò sì sí ẹni tó ka ilé-ìwé náà mọ́ dúkìá rẹ̀. Ó ń lọ ní tirẹ̀. Macaulay kú ní 1878, ó ṣì ń lọ. Davies náà kú ní 1906, ó ṣì ń lọ. Bàrígà ló wà lónìí.

Ẹ̀yin tí kòkó bọ́, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí Davies ṣe lẹ́yìn tí òwò bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kúrò lórí omi, ó gba oko lọ sí Ìjọn, lápá Agége, ó sì gbin kòkó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1879 sí 1880. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó fún òwò ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. Ní 1880 náà ni Sara ìyàwó rẹ̀ kú sí erékùṣù Madeira, níbi tó ti lọ gbàtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ. Davies gbé òpó òkúta kan nàró ní oko Ìjọn ní ìrántí rẹ̀. Nítorí náà, ọkùnrin yìí kò kórìíra kí a kọ orúkọ olóògbé sára òkúta. Ibi tó yẹ ló kọ ọ́ sí.

Láti Agége ni kòkó ti ń ràn. Jacob Kẹ́hìndé Coker, olórí nínú ìjọ African Church, gbin kòkó rẹpẹtẹ síbẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn ọ̀dọ́ láti òkè wá ń ṣiṣẹ́ lágbàro lóko wọn, nígbà tí wọ́n bá sì ń lọ sílé, wọ́n á di èso kòkó mọ́ ẹrù. Báyìí ni kòkó ṣe wọ ọ̀pọ̀ ìlú wa. Lọ́dọ̀ tiyín, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ti gbé Èkó rí wà lára àwọn tó mú un wálé. Nígbà tó yá, owó kòkó ti ń kọ́ ilé alájà ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í dédé fi owó kòkó dá ilé-ìwé girama. Àwọn kan ti ń pàlẹ̀ mọ́ ṣáájú. Ọwá Ajímọ̀kọ Kìn-ín-ní, Frederick Kumokun Haastrup, wà lára wọn. Wọ́n tà á lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, ó padà di oníṣòwò onígbàgbọ́ ní Èkó, ó ti àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì, ó sì jọba ní Iléṣà láti 1896 títí di 1901. Òun ni ọba onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ lórí àpèrè yín, lábẹ́ rẹ̀ sì ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì fi rí ẹsẹ̀ walẹ̀ dáadáa. Tiẹ̀ kò pẹ́. N kò ní fà á gùn.

Ẹ wá wo Ilesa Grammar School. Ọdún 1934 ni. Bí ẹ bá béèrè pé olówó wo ló dá a sílẹ̀, ẹ kò ní rí orúkọ ẹyọ kan dì mú, torí pé Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ni. Àwọn oníṣòwò, àwọn akọ̀wé, àwọn tíṣà, àwọn àgbà ìjọ tó wà nílé àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi ni wọ́n para pọ̀. Púpọ̀ nínú owó Ìjẹ̀ṣà ìgbà náà, ọwọ́ àwọn òṣómàáló ló ti ń wá. Ẹ̀yin mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á di aṣọ lérù, wọ́n á wọ abúlé tí ọkọ̀ kò dé, wọ́n á tà á láwìn fún àgbẹ̀ títí di ìgbà ìkórè, tí ọjọ́ bá sì pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti àárọ̀, wọn kò ní jókòó, wọn kò ní gba oúnjẹ, títí owó yóò fi jáde. Ẹni tó ti lóṣòó bẹ́ẹ̀ nítorí ṣílè mélòó kan kì í fi owó rẹ̀ ṣeré. Síbẹ̀, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló dá owó fún ilé-ìwé tí ọmọ aládùúgbò yóò lọ, tó ṣeé ṣe kí ọmọ tiwọn má lọ. Ilé-ìwé náà gbé ènìyàn bí Kayode Eso jáde, tó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Orúkọ ìlú ni ilé-ìwé ń jẹ́ títí di òní. Kò sí ìdílé kan ní Iléṣà tó lè dìde pé tiwọn ni, kò sì sí èyí tó lè sọ pé kò kàn wọ́n.

Lọ́dọ̀ wa ní Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn, torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ṣíwájú. Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí ni. Ọdún 1889 ni wọ́n bí i, Titus Martins ni orúkọ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé St. Philip's ní Ayétòrò ní 1901. Ó ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó kúrò níbẹ̀ ní 1921, ó sì dojú kọ òwò. Olówó ni kó tó jọba ní 1930. Òun ni Ọọ̀ni àkọ́kọ́ tó mọ̀wé. Ọmọ Ifẹ̀ tó bá fẹ́ kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà ní láti lọ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Oǹdó tàbí Èkó, ilé tí kò bá ní mọ̀lẹ́bí níbẹ̀ kò sì lè rán ọmọ lọ. Kò tó ọdún méjì tí Adérẹ̀mí gorí ìtẹ́ tó fi dá Oduduwa College sílẹ̀, ní 1932.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ tó sọ ọ́. Ó lè pè é ní Aderemi College. Ó lè fi orúkọ ilé Ọ̀ṣínkọ́là, ìdílé rẹ̀, pè é. Ilé mẹ́rin ló ń jọba ní Ifẹ̀, ẹ sì mọ bí ìdíje àárín wọn ṣe lè rí. Bó bá jẹ́ orúkọ ilé kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ilé mẹ́ta yòókù yóò máa kọjá níbẹ̀ bí ẹni ń kọjá níwájú ilé onílé. Orúkọ ẹni tí gbogbo wa jọ pè ní bàbá ló lò, kò sì sí ọmọ Ifẹ̀ tó lè sọ pé òun kò ní ìpín nínú Odùduwà. Ọgbọ́n ìṣàkóso ni mo pe ìyẹn, mo sì rò pé òun ló jẹ́ kí ìlú gba ilé-ìwé náà bíi tiwọn.

Kò sì dúró síbẹ̀. Òun ni Gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn láti 1960 sí 1962, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò bẹ́ẹ̀, àárín ìgbà yẹn gan-an sì ni ìjọba Ẹkùn náà dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ fi ilẹ̀ oko gbalasa sílẹ̀ fún un. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1962, wọ́n sì kó wá sí Ifẹ̀ ní 1967, nígbà tí ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasanmí, jẹ́ gíwá. Orúkọ Awólọ́wọ̀ ni ó ń jẹ́ láti 1987. Adérẹ̀mí wàjà ní 1980 lẹ́yìn bí àádọ́ta ọdún lórí ìtẹ́, kò sì sí ibi tí orúkọ rẹ̀ ti parẹ́ ní ìlú yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé tó dá sílẹ̀.

Ilé-ìwé mẹ́ta nìyẹn, ní Èkó, Iléṣà àti Ifẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó ń jẹ́ orúkọ olówó rẹ̀. Gbogbo wọn wà lọ́wọ́ ẹni púpọ̀ tàbí ẹni tí kì í ṣe àrólé. Mo gbà pé àwọn ilé-ìwé tó ń jẹ́ orúkọ ẹni wà tí wọ́n sì ń ṣe dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo èyí tó ti kú nínú wọn lágbègbè wa, ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín léèrè ohun tó pa wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, bàbá ló kú, ogún ló dé, wọ́n ní kí wọ́n pín in ní ìdí-igi, ìdí-igi kan ní kí wọ́n ta ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn kíláàsì, èkejì ní owó ilé-ìwé ni wọ́n fi ń rán ọmọ ẹni kan lọ sókè òkun. Ọmọ ìyá méjì ni ẹ̀yin náà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ wà láàárín yín, àwọn ọmọ yín ni n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ rántí ni ti ìjọba. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ àti àwọn aládàáni, láti 1979 sì ni ẹ̀kọ́ girama ti di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, tí Iléṣà àti Ifẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun rere wà nínú rẹ̀: ọmọ àgbẹ̀ wọlé tí kò bá ti wọlé láéláé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń dá owó sí ilé-ìwé ka ọwọ́ wọn kúrò. Wọ́n ní ti ìjọba ni. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa kò tíì bọ́ nínú ìyẹn títí di òní, ibẹ̀ gan-an sì ni owó bàbá yín ti wúlò jù.

Mo wọ láàbù kẹ́mísírì kan ní ilé-ìwé ìjọba kan lágbègbè yìí láìpẹ́. Ilé náà rẹwà, olóore kan ló kọ́ ọ, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára mábù lẹ́nu ọ̀nà. Nínú, káńtà onísìmẹ́ǹtì gùn láti ògiri dé ògiri, ẹ̀rọ omi wà lórí rẹ̀, kò sí omi nínú páìpù. Kọ́bọ́ọ̀dù ìgò wà, púpọ̀ nínú ìgò náà sì ti gbẹ, lébẹ́ẹ̀lì nìkan ló kù lára wọn. Burette, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi kẹ́míkà, méjì péré ni gbogbo kíláàsì ń lò. Tíṣà tó ń kọ́ wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn òbí ló ń dá owó oṣù rẹ̀, owó náà sì ti fà sẹ́yìn. Ó ya burette sára pátákó, ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbi tí omi yóò dúró, àwọn ọmọ sì dà á kọ. WAEC yóò sì ní kí àwọn ọmọ yẹn fi ọwọ́ ara wọn ṣe é ní ọjọ́ ìdánwò. Ohun tí £50 Davies ṣe ní 1859 ni ibẹ̀ ń ké pè.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦60,000,000 ni owó tí bàbá yín yà sọ́tọ̀. Ẹ fi iye tó bá jẹ́ gan-an rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá fi kọ́lé, ó lè máà tó ilé kíláàsì, láàbù, ọ́fíìsì, ṣálángá, kànga àti ògiri tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ yóò béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ilé-ìwé tuntun. Kó tó ọdún kẹta, ẹ ó ti máa bu owó ilé-ìwé lé àwọn òbí, owó náà yóò sì ga ju agbára ọmọ tálákà tí bàbá yín tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Bí ẹ bá fi ra bọ́ǹdù ìjọba tó ń mú èlé 12 nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dún, ₦7,200,000 ni yóò máa wọlé lọ́dọọdún. Ẹ má ná gbogbo rẹ̀. Ẹ dá ₦2,200,000 padà sórí ojú owó, torí pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ń jẹ owó tó bá jókòó sójú kan. Ó ku ₦5,000,000. Tíṣà sáyẹ́ǹsì mẹ́ta tí ẹ ń fún ní ₦100,000 lóṣù yóò gba ₦3,600,000. Ó ku ₦1,400,000 fún kẹ́míkà, ìgò, àtúnṣe omi, àti owó WAEC ọmọ mélòó kan tí òbí wọn kò ní. Ojú owó wà níbẹ̀ digbí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ tún ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n yín yóò béèrè pé níbo ni orúkọ bàbá wà. Ìbéèrè tó dára ni, n kò fẹ́ kí ẹ fojú di í. Ẹ jẹ́ kí orúkọ bàbá wà lórí owó náà: owó ẹ̀kọ́ ìrántí lágbájá. Ẹ jẹ́ kó wà lórí ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ọmọ tó bá gbégbá orókè nínú kẹ́mísírì. Kí tíṣà mẹ́ta yẹn máa jẹ́ tíṣà tí owó bàbá yín ń san fún. Àwọn ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ yóò mọ ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn yóò sì máa dárúkọ rẹ̀ fún ìdí tó dájú.

Ẹ bá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú sọ̀rọ̀, kó forúkọ owó náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn alámòójútó tirẹ̀. CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020, fàyè gbà á. Kí wọ́n jẹ́ mẹ́fà. Ẹ̀yin ọmọ bàbá, kí ẹni méjì péré wọ ibẹ̀, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀gá ilé-ìwé tàbí ẹni tó bá rán wà níbẹ̀, kí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yan ẹnì kan, kí ìjọ yan ẹnì kan, kí oníṣirò owó kan tí kò bá yín tan wà pẹ̀lú wọn. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú owó náà dúró fún gbèsè, kò sì lè pín in, bí gbogbo ìdílé tilẹ̀ fẹnu kò.

Ti ilẹ̀ náà, ẹ má ṣe dúró. Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé ní 1978 ni ilẹ̀ tí kò bá ní ìwé ti ń dá ìjà sílẹ̀. Bí ó bá ní C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, kí lọ́yà gba ìyọ̀ǹda gómìnà kó tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti ẹgbẹ́ náà. Bí kò bá ní, kí sáfẹ́yọ̀ wọ̀n ọ́n kíákíá, kí àwọn ẹbí tó bá yín pààlà fọwọ́ sí i lójú gbogbo ayé. Ẹ lè fi yá ẹni tó ń ṣòwò láti máa san owó fún owó ẹ̀kọ́ náà. Bí ó bá sún mọ́ ilé-ìwé tí ẹ bá yàn, pápá ìṣeré àwọn ọmọ ni n ó fi ṣe bó bá jẹ́ èmi.

Ọ̀rọ̀ ìjọ kù. Ẹ̀yin fẹ́ kí ìgbàgbọ́ bàbá yín hàn nínú ohun tí ẹ bá ṣe, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá kọ “ọmọ tálákà” sínú ìwé ìhágún, kò kọ “ọmọ ìjọ”. Iléṣà kún fún Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹ jẹ́ kó hàn gbangba nínú ìwé yín pé a kò ní bi ọmọ ní ẹ̀sìn kí a tó sanwó rẹ̀. Pásítọ̀ yín yóò gbà bí ẹ bá bi í léèrè dáadáa.

Ní ti ilé-ìwé tí ẹ ó yàn, ẹ má yàn án nítorí orúkọ rẹ̀ tàbí nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín lọ. Ẹ lọ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ má sọ pé owó ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ìwé tí wọ́n ń kọ ohun èlò láàbù sí. Ọ̀gá tó bá lè fi ìwé náà hàn yín, tí ó sì mọ ohun tó bàjẹ́ àti ọjọ́ tó bàjẹ́, kódà bí láàbù rẹ̀ bá ṣófo, òun ni kí ẹ kó owó fún. Kí lọ́yà sì parí ìwé náà kí ẹ tó pín ogún yòókù. Bí ìpín bá ti wọ ọwọ́ kálukú, yóò ṣòro kí ẹ tó rí ẹni tí yóò dá tirẹ̀ padà.